Ìwọ̀ Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀bọ̀kún

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ mí ní Festac yìí. Ẹ sáà ti bèèrè Dàpọ̀ ládùúgbò wa, wọn á júwe mi fún yín. Bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ kí n gbá ni, àbí jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ kí n tú palẹ̀ kí n tún un tò? Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀! Ìwé nìkan ni èmi pẹ̀lú ẹ̀ ò jọ mọwọ́ ara wa, ìyẹn ni mo ṣe já a sílẹ̀ ní SS2. Tó bá wá di ká fi ìwọ̀ pẹja, ẹ má tiẹ̀ bá mi du ìyẹn. Ọwọ́ mi yá ju ẹja lọ.

Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn títí di Sátidé tó kọjá. Ẹ súnmọ́ bí, kí n ro ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lójú omi fún yín, kí ẹ tó máa pè mí ní ọ̀gá.

Ṣé ẹ rántí fọ́tò tí mo fi ń yọ gbogbo yín lẹ́nu? Èyí tí mo gbé ọ̀bọ̀kún tó gùn tó apá mi dání, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́? Ẹja yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Bàbá Ègùn kan wà létí omi lẹ́yìn ilé wa, Bàbá Sẹ̀wánù. Òun ló ni ọkọ̀ onígi ẹlẹ́ńjìnì tí a fi ń lọ pẹja. Tó bá ti di Sátidé, bàbá á gbé èmi àti Bọ̀dá Mùfú lọ síbi tí omi ti jìn. Bọ̀dá Mùfú ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní òdìkejì kaféè tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀. Òwú yẹ́lò tó fi ń ránṣọ ló máa ń wé mọ́ ọrùn gbogbo ìwọ̀ tiẹ̀, ó ní kóun lè dá tòun mọ̀. Èmi ò kì í wé nǹkankan mọ́ tèmi. Ta ló ráyè?

Òfin ọkọ̀ bàbá ò le rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní "ó mú", kí àwọn tó kù tètè ká okùn wọn wọlé, kí okùn má baà lọ́ mọ́ra lábẹ́ omi. Tó bá wá lọ́ mọ́ra náà, ẹnu ẹja la máa wò. Ẹni tí ìwọ̀ ẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló ni ín. Ó parí. Kò sí pé èmi ni mo dàgbà jù, kò sí pé èmi ni mo fà á sókè.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọ̀rọ̀ ìyàwó Bọ̀dá Mùfú la bá dé ojú omi. Àǹtí Ràfíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ kejì. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn, Bọ̀dá fúnra ẹ̀ ló lọ mú ọ̀bọ̀kún wálé, tó fi se ọbẹ̀ aláta fún un. Àǹtí ò gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹpìà kéékèèké nìkan ni Bọ̀dá ń mú bọ̀. Ó lọ ra ọ̀bọ̀kún lọ́jà, Àǹtí jẹ ẹ́, ó ní ó dùn o, àmọ́ òun mọ ẹja ọlọ́jà yàtọ̀ sí ẹja ọkọ òun. Ó wá ń bèèrè pé ṣé ọmọ kejì kì í ṣe ọmọ ni.

Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Àbí kí ló ń jí i láàárọ̀ kùtù, tó fi aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà sílẹ̀?

Èmi fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni tèmi. Mo ní kí Bọ̀dá fọkàn balẹ̀, tí tiwọn ò bá mú, màá gé ìrù tèmi fún wọn. Bàbá Sẹ̀wánù ní kí n panu mọ́, pé ariwo mi ti tó lé ẹja dé Bàdágìrì.

A dé ibú, bàbá ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Omi ibẹ̀ dúdú. Mo ju okùn mi, òjé wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, kó tó kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́jẹ́ lásán. Kò sóhun tó mú. Oòrùn ti ń ta wá lẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ibi tí sùúrù bá wà, mi ò kì í sí níbẹ̀. Mò ń fa okùn sókè, mò ń jù ú padà, bàbá kàn ń wò mí.

Ìgbà tó yá, Bọ̀dá Mùfú sọ ọ́, wọn ò tiẹ̀ pariwo: "Ó mú."

Bàbá ká okùn ẹ̀ kíá. Èmi ńkọ́? Mi ò ká nǹkankan. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiwọn ló máa kọ́kọ́ mú? Mo ní kí n ṣì fi tèmi síbẹ̀ ná, bóyá ìkejì ẹja yẹn wà nítòsí. Bàbá bá mi wí, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Kò pẹ́, okùn tèmi náà fà! Mo kígbe pé tèmi náà ti mú o, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Irọ́ ni o. Kò mú nǹkankan. Ẹja Bọ̀dá ló gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, tó wọ́ okùn mi dání. Ẹja kan ṣoṣo làwa méjèèjì ń fà, okùn méjèèjì ti lọ́ pọ̀ bí irun tí wọ́n fi òwú dì.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ ńlá kan sáré kọjá, ló bá da ìgbì sí wa lára. Bàbá fo mọ́ àjẹ̀, ó ń yí orí ọkọ̀ sí ìgbì kó má baà dà wá nù. Okùn ti gé Bọ̀dá Mùfú lọ́wọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń fi etí ẹ̀wù di àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ó wá ku èmi nìkan. Mo fà á, mo fà á, ẹja yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ bù ú sínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja yẹn tóbi! Ó ń dán yinrin. Mo ya ẹnu ẹ̀ wò.

Òwú yẹ́lò.

Ìwọ̀ tèmi ńkọ́? Ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fì. Edé tí mo fi sí i ṣì wà níbẹ̀ odidi. Ẹja kan ò tíì gbóòórùn ẹ̀ pàápàá.

Kí ni mo rò nígbà yẹn? Mi ò ro nǹkankan, ọwọ́ mi ló ṣáájú. Mo fi pínsà yọ ìwọ̀ yẹn, mo fi ọ̀bẹ gé e lára okùn, mo jù ú sápò. Kí ìgbì tó rọlẹ̀, mo ti ṣe é tán. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ mi yá.

Bọ̀dá Mùfú gbórí sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ̀ ta ló wà lẹ́nu ẹ̀?"

"Tèmi ni."

Wọ́n wo ẹja, wọ́n wo èmi náà. Wọn ò ní kí n jẹ́ káwọn rí i. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ká ní wọ́n bèèrè ni, ì bá ti tú. Wọ́n kàn fa okùn tiwọn wọlé, wọ́n rí i pé kò sí ìwọ̀ ní ìdí ẹ̀, wọ́n ní háà, àṣé tàwọn ti já. Wọ́n wá ní, "O káre, Dàpọ̀."  Bàbá Sẹ̀wánù ṣáná sí ẹ́ńjìnì, a ń lọ sílé.

Ṣé mo wá rọra gba ilé lọ? Èmi yìí? Mo gbé ẹja yẹn gba gbogbo close wa, mo tún gbé e gba avenue. Mo ní kí wọ́n yà mí ní fọ́tò. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún ìtàn yẹn sọ ni ẹja yẹn ń wúwo sí i. Nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí sómi!

Màmá mi sè é. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jókòó tì í ni wọ́n bu ibi tó dáa jù sínú kúlà, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún Àǹtí Ràfíátù, abiyamọ tuntun.  Mo ní ó ti rẹ̀ mí. Màmá ní nígbà tí mò ń gbé e yí àdúgbò ká bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ ńkọ́, kò rẹ̀ mí nígbà yẹn?  Mo gbé kúlà.

Àǹtí gbé ọmọ fún ọkọ wọn, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n ní hẹ̀n, ẹja nìyí, pé bó ṣe rí lẹ́nu àwọn nígbà àkọ́bí gan-an nìyí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n lọ sómi lásán. Mò ń ṣe àmín. Ẹja ọkọ wọn ni wọ́n ń jẹ, èmi ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀!

Wọ́n wá yíjú sí Bọ̀dá Mùfú. "Bàbá Àwáwù, ọmọ àná ló ń bá yín mú ẹja ìyàwó yín báyìí o."

Eré ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọwọ́. Wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde. Mo mọ agolo yẹn. Okùn wọn wà níbẹ̀, òjé wà níbẹ̀, gbogbo ìwọ̀ olówùú yẹ́lò wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa.

Wọ́n ní, "Máa mú u lọ. Ọwọ́ tèmi ò mú ẹja mọ́ lójú omi. Ìwọ tó ń mú u, máa lò ó."

Mo gbà á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa? Mo gbà á, mo tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́!

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo fọ́tò yẹn mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní ọ̀gá apẹja, màá yára yà lọ́nà mìíràn. Ọ̀la tún ni Sátidé, Bàbá Sẹ̀wánù ti ránṣẹ́ pé ṣé èmi nìkan ni mò ń bọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́ níbẹ̀? Mo rò pé ẹja lásán ni mo mú, tí ìyà ò ní jẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ pé ọkùnrin kan á tìtorí ẹ̀ rò pé òun ò mọ nǹkan ṣe mọ́ lójú ìyàwó ẹ̀. Ẹ má gba ìyìn tí kì í ṣe tiyín o, dídá a padà ló le. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́wọ́? Ẹ kọ ọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bú mi jù, mo ti bá yín ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀.

Ojú fèrèsé kaféè ni mo jókòó sí. Agolo wà lẹ́sẹ̀ mi, ìwọ̀ yẹn ṣì wà lápò mi. Látìgbà tí mo ti ń tẹ èyí ni mo ti ń rí Bọ̀dá Mùfú nídìí maṣíìnì, ni mo ń sọ pé jẹ́ kí n tẹ ìlà kan sí i ná. Mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún yín bí

Wọ́n ti dìde. Wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní láti máa lọ bá wọn.