Ògiri Tí Gisbert Haubrich Wó

Ọdún mọ́kànlá ni Gisbert Haubrich fi la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ti ẹ̀yìn abúlé wa sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò Mosel, ní Jámánì. Inú ọgbà àjàrà tí àwọn bàbá wa pa tì, tí ẹ̀gún ti bò, ló gbé e gbà. Àdá, ṣọ́bìrì àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ṣe é. Nígbà tó parí, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn, àwa tí a ní yàrá àlejò sì ń rí jẹ nínú rẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni tèmi. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò dúró lókèèrè wo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ.

Àgbẹ̀ àjàrà ni bàbá Gisbert. Òun náà ṣe é títí ó fi pé ẹni ogójì ọdún, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ta ilẹ̀, ó wá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú àká tí wọ́n ti máa ń fún àjàrà. Kò gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá fi bíréèkì ha ilẹ̀ ọ̀nà rẹ̀.

Bí èso bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lóṣù kẹsàn-án, abúlé a ti ọgbà àjàrà. Láti ọjọ́ náà títí a ó fi kórè tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, ìbáà ṣe olóko. Ìdì koríko gbígbẹ la ń so mọ́ orí òpó, tí a sì ń rì mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ abúlé tó bá rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ a dúró fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà Gisbert gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Walburga Emmerich kọjá, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nítorí náà, Gisbert ni wọ́n yàn pé kó máa ri òpó ibẹ̀, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ lè yà sójú títì. Ó le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dá àlùfáà kan padà rí.

"Ẹ yà sójú títì, Fadá. Ṣé ẹ ò rí koríko ni?"

"Koríko lásán, Gisbert?"

"Igi lásán náà ni àgbélébùú, ẹ sì ń kúnlẹ̀ fún un."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Gisbert ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Dókítà ti ní kó má gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ òkè mọ́, nítorí orúnkún rẹ̀. Odidi ọdún méjì ló ti ń tọ́jú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sókè, ó so ayùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ lọ gé igi tó wó dí ọ̀nà. Kùrukùru bo odò. Kò séèyàn. Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé òun kò ronú rárá: òun gé igi tán, òun gun kẹ̀kẹ́, òun dé ìdí òpó, òun sọ̀ kalẹ̀, òun fà á yọ, òun kọjá, òun dá a padà sínú ihò rẹ̀, òun sì fi òkúta méjì tì í lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn ti ronú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òun kọ́.

Ní kọ́nà kejì, òkúta pẹlẹbẹ tó tutù yọ̀ mọ́ táyà, kẹ̀kẹ́ sì lọ gbá ògiri Walburga. Ògiri tí wọ́n tò láìlo sìmẹ́ńtì ni, ó sì ti ń yọ ikùn tẹ́lẹ̀. Ó wó ní gígùn èèyàn méjì tó na ara sílẹ̀, ó sì gbé ìdí àjàrà mẹ́sàn-án lọ pẹ̀lú èso lórí wọn. Ìgbọ̀nwọ́ Gisbert bó. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba etí odò lọ sílé.

Lọ́sàn-án, Ottmar Brenig, olórí abúlé, rí ògiri náà, ó sì rí ipa táyà nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin méjì láti Hólándì wà nílé mi lọ́sẹ̀ náà, Joost àti àbúrò rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè yẹn. Ottmar lọ bá Gisbert nínú àká, èmi náà sì tẹ̀ lé e.

"Gisbert, o wà lókè láàárọ̀. Ṣé o rí àwọn ará Hólándì yẹn?"

Gisbert ń tú ṣéènì kan. Kò gbójú sókè.

"Mi ò rí wọn."

"O ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Bóyá ohùn. Kùrukùru pọ̀."

"Ohùn wọn nìyẹn," ni Ottmar wí.

Gisbert kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo délé, mo ní kí àwọn ọkùnrin náà kó ẹrù wọn. Joost bi mí pé kí làwọn ṣe.

"Ẹ bi ara yín."

"Màdáámù, etí odò la gbà láàárọ̀. A ò gun òkè rárá."

"Kò sólè tí kì í ní ibòmíràn lòun wà."

Ó wo àbúrò rẹ̀, wọ́n sì lọ kó ẹrù wọn. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó lọ.

Ottmar pe ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì, kí a lè ti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà pa títí láé. Bí Gisbert bá dákẹ́, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ti bọ́ sínú ẹ̀gún padà. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ń dá àlùfáà padà ti di òpùrọ́ lójú gbogbo abúlé.

Ó gbàṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ògiri náà padà, kò gba owó. Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá Walburga ṣa èso tó fọ́n ká. Ó gbé ọ̀dùnkún tí ó rin, tí ó dín, wá fún Gisbert.

"Jókòó jẹun."

"Ẹ ṣé, Àǹtí Burga. Ebi ò pa mí."

"O rí ọ̀dùnkún dídín, o ní ebi ò pa ọ́. Àìsàn nìyẹn."

Ó jókòó, ó jẹ ẹyọ kan. Walburga ń wo òkè.

"Àwọn ará Hólándì yẹn mọ̀wàá hù o."

"Báwo, Àǹtí?"

"Wọ́n wó ògiri mi, àmọ́ wọ́n dá òpó padà sáyè rẹ̀. Òkúta méjì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan dúró, bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe é. Àlejò á gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, tàbí kó wó o kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ló wá kọ́ wọn?"

Gisbert gbé àwo sílẹ̀.

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o," ni Walburga wí. "Arúgbó ni mí, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Máa to òkúta ẹ."

Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi. Nígbà tí mo máa fi wo ọwọ́ mi, mo ti ń da èso tó bàjẹ́ mọ́ èyí tó dára. N kò lọ bá Ottmar. Mo sọ fún ara mi pé ẹnu Gisbert ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tún rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn àwọn panápaná kún. Ottmar ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí a ti ọ̀nà náà pa nawọ́. Ọwọ́ ń lọ sókè. Tèmi wà lórí itan mi. Lẹ́yìn gbogbo wọn, Gisbert nawọ́.

"Ìwọ náà, Gisbert? Ọ̀nà ìwọ fúnra ẹ?"

"Ìbò kọ́ ni mo nawọ́ fún. Èmi ni mo wó ògiri yẹn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ó ti mu wáìnì díẹ̀."

"Mi ò mutí. Mo yọ òpó, mo kọjá, mo dá a padà. Àwọn ará Hólándì ò débẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ohùn. Mi ò gbọ́ ohùn kankan."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Gisbert kò kú. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. Ìbá sàn fún un ká ní a bú u. Ottmar wúkọ́, ó ní ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà ti parí, ó wá béèrè ẹni tí yóò máa ri òpó lọ́dún tó ń bọ̀, bí ìgbà tí Gisbert kò sí níbẹ̀. Wọ́n yan ẹlòmíràn. Walburga nìkan ló dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì jọ rìn lọ sílé.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣì ń wá. Gisbert ṣì ń tọ́jú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n àfẹ̀mọ́jú ló ń lọ báyìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni lè kí i.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, ó wá sílé mi, ó ní kí n fún òun ní àdírẹ́sì Joost. Ó jókòó sídìí tábìlì mi, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ojú ìwé kan péré. Ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"O lè fi ọ̀rọ̀ tìẹ sí i."

Mo mú bírò. Orúkọ mi nìkan ni mo lè kọ. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe lọ.