Ọ̀wẹ̀ Tí Bàbá Mi Kò Kọ̀

Bàbá mi ni olórí àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ààfin ní ìlú wa kékeré, lọ́nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́. Ọdọọdún ni àwọn ọkùnrin ìlú máa ń lọ kọ ebè nínú oko ọba láìgba nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi dìde lójà, ó ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ọkọ́ rẹ̀ sin ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ìlú gbà, oko ọba di igbó, wọ́n sì gbé bàbá mi lọ sẹ́wọ̀n l'Ádó. Nígbà tó dé, èjìká ni wọ́n fi gbé e wọ̀lú.

Nílé ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá ń bẹ̀rù yìí, ọmọńlé ń lé e jáde nínú yàrá. Òun ló máa ń bó iṣu fún ìyá mi, á máa fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ará ìta bá ti kan ilẹ̀kùn, á ju ọ̀bẹ sílẹ̀, á fajúro. Mi ò mọ èwo ni bàbá mi nínú méjèèjì.

Nínú àwọn tó gbé e léjìká ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́. Àwọn ẹbí ti gbà, ó ku ọ̀wẹ̀ àna: kí ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè fún bàbá mi, bí gbogbo àna ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí a dá, ìyá mi gún iyán ogún èèyàn. A retí títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò sẹ́ni tó wá.

Lọ́sàn-án ni àfẹ́sọ́nà mi dé, òun nìkan, nínú aṣọ funfun, ẹ̀rín lẹ́nu, kèrègbè ẹmu lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé a kì í roko ẹnìkan lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa." Ó rò pé bàbá mi máa yìn ín ni.

Bàbá mi wò ó, wò ó. "Ṣé èmi ni ọba?"

"Rárá o, Bàbá."

"Uṣẹ́ ọba, ipá ni. Uṣẹ́ àna, ìfẹ́ ni. Kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá lọ́la."

Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu. "Bàbá, bí kò bá wá ńkọ́?"

"Kò ní fẹ́ ọ."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe ipá?"

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo fi ojú bẹ àfẹ́sọ́nà mi pé kó gbà. Ebè lásán ni, ọjọ́ kan péré.

Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. "Bàbá, bí mo bá wá, kí lẹ lọ sẹ́wọ̀n ṣe?"

Bàbá mi fò dìde. Mo rò pé á gbá a létí ni. Ó fà á dìde, ó dì mọ́ ọn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọmọ mi nì yí," ló ń wí, "ọmọ mi nì yí." Inú mi dùn, mo ti ń wá àwo tí n ó fi bu iyán fún un. Bàbá mi jókòó tán, ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ọ lọ́mọ." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀.

Ta ni kí n bínú sí? Olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì, olórí kunkun ni àwọn méjèèjì, èmi ló sì jìyà ẹ̀. Mo bi ìyá mi léèrè, ó ní kí n lọ fọ ìkòkò. Títí dòní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rú mi lójú.

Ọmọkùnrin náà di ọmọ ilé wa. Ojoojúmọ́ ni òun àti bàbá mi ń jókòó sọ̀rọ̀ ìlú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn kó ọgbọ̀n ọkùnrin wá kọ ebè nítorí mi. Nígbà tí wọ́n ti oko dé tí wọ́n ń jẹun, àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ náà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, wọ́n ń jiyàn lórí ìjọba. Bàbá mi pè mí pé kí n gbé omi wá kí ọmọ òun fọwọ́. Mo gbé e wá, mo kúnlẹ̀. Ó fọwọ́, kò sì wo ojú mi.