Ọ̀rinrin Bury àti Ọyẹ́ Ilé Wa

Olùkọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́ òwú ní Manchester ò gbà pé ẹnikẹ́ni rí òwú rí kí wọ́n tó bí bàbá ńlá òun. Ojoojúmọ́ ló ń na ọ̀pá sí máàpù ara ògiri: èédú nìyí, odò tí a gbẹ́ nìyí, òjò nìyí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi wá ń raṣọ lọ́wọ́ wa. Kò dárúkọ àwọn tó gbin òwú náà rí. Àárín àwọn ọdún 1980 ni mo débẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó fi ń yangàn ti kú. Wọ́n ń ta kápẹ́ẹ̀tì nínú àwọn kan, ẹyẹlé ló ń gbé inú àwọn yòókù. Ẹni tó ti ta ilé tán ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe fọ́ńté.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo mú nínú gbogbo ariwo rẹ̀. Ó ní òwú a máa já tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, pé ọ̀rinrin agbègbè Manchester ni kì í jẹ́ kó já. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fàlà sí i nídìí. Mo mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ètè ṣe nílé wa.

Ilé iṣẹ́ aṣọ ìlú wa ló rán mi lọ kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa, ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní yàrá tí wọ́n ti ń rànwú. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé ẹ̀rọ àwọn ti gbó, pé tí òmíràn ò bá dé, wọ́n á tilẹ̀kùn, òun ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. "Kọ́ ọ dáadáa," ló wí, "kí o wá gbà wá."

Lọ́dún kejì, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa wá ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Oṣù Keje ni, ìgbà ooru wọn, kóòtù onírun ló wọ̀, ó ní ohun tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ nílùú òyìnbó nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní ibùdókọ̀ ojú irin níṣojú gbogbo èrò. Ó wo ẹ̀yìn orí mi tẹ́rùn kó tó ní kí n dìde.

A lọ sí Bury, ìlú kan nítòsí Manchester, níbi tí ilé iṣẹ́ kan tó ń kógbá sílé ti ń ta ẹ̀rọ rẹ̀. Òyìnbó tó ń tà á tan ọ̀kan fún wa, òwú ń sáré, kò já. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri tó ń fọ́n omi bí ìrì sínú afẹ́fẹ́. Òyìnbó ní ìgbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ ni àwọn ń lò ó, pé òun ń ta ìyẹn náà.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Ṣé o gbọ́ ohun tó ń wí? Ó fẹ́ ta òjò fún wa. Oòrùn ńkọ́ nílé wa? Ẹ̀rọ wa ò tiẹ̀ ní í dípẹtà." Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èyí ò fẹ́ ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Mo lanu láti sọ̀rọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún òyìnbó pé àwọn ò nílò ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, pé ọmọ àwọn tó ń kàwé nìyí, pé èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá ń wò mí. Nílé wa, a kì í já àgbà nírọ́ níwájú àlejò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà, èmi àti òun nìkan la jókòó pọ̀. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ń hanrun, mo ní tó bá jí. Nígbà tó jí, ó bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, mo sì mú un lọ sí àdúgbò Levenshulme.

Mo kàwé tán, mo padà sílé. Nígbà òjò, àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀gá rà ní Bury ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìlú ń kí mi kú oríire. Ọyẹ́ dé, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀gbọ́n mi á so ọ̀kan lọ́tùn-ún, méjì á já lósì. Ọ̀gá ní ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn ló le. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sọ òótọ́ fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà?" Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Ká tó rí ọyẹ́ mìíràn, wọ́n ti ti gbogbo ilé iṣẹ́ náà pa.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Mo bá a níbi tó ti ń ṣí àwọn ìwé tí mo kó láti Manchester wá sílé rẹ̀, ìka rẹ̀ ti sán láti ara òwú. Ó ti dé ibi tí mo fàlà sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n kọ́ ẹ ní èyí?"

"Wọ́n kọ́ mi, Àǹtí."

"Kí ọ̀gá tó ra ẹ̀rọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó pa ìwé náà dé, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì dìde lọ bu oúnjẹ fún mi.