Kùwéètì Yá Ìyá Mi Lò

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ní bọ́ọ̀sì Abíjàn ń bọ̀, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, á fa àpótí onírin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá ti ṣí i, òórùn náà á gba gbogbo yàrá. Wọ́n á wọ aṣọ mi kan ṣoṣo tó níyì fún mi, wọ́n á so gèlè tiwọn, ó di gáréèjì Èjìgbò. A ń lọ pàdé ìyá mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìyá mi kò sí ní Abíjàn. Kùwéètì ni wọ́n wà.

Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà wa ti fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀ Lárúbáwá lára máàpù, ó sì jìnnà sí Abíjàn gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí Ìyá Àgbà mọ̀ tó rìnrìn àjò, ọkọ wọn àti àwọn àbúrò wọn, Abíjàn ni wọ́n lọ, bọ́ọ̀sì yẹn ló sì ń gbé wọn wálé. Lójú tiwọn, òkè òkun kan ló wà, ọ̀nà kan ló sì ti ibẹ̀ wálé. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ilé làbọ̀sinmi oko, ìyá ẹ ń bọ̀." Mo bá wọn lọ, torí pé ó wu èmi náà kó jẹ́ pé máàpù ló purọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín lọ Abíjàn, ẹ ó rántí bí gáréèjì ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà: báàgì ńláńlá, ìkíni Faransé, bọ̀njúù lọ́tùn-ún, bọ̀njúù lósì, àwọn ọmọ tí wọ́n ń fà mọ́ra títí aṣọ wọn á fi rún. Ẹ ò ní rántí mi. Èmi ni ọmọ tí aṣọ rẹ̀ kò rún. Tí èrò bá ti tán, Ìyá Àgbà á lọ bi dírẹ́bà bóyá kò gbé Rísìkátù ọmọ àwọn. Á ní rárá, mà. A ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Aṣọ ni ìyá mi ń rán níwájú ilé wa, kò sì gbọ́ bùkátà. Ìgbà tí ẹnì kan ní wọ́n ń wá obìnrin tó máa bá wọn tọ́mọ ní Kùwéètì, ìyá mi gbéra kí n tó gbọ́n tó láti rántí ojú wọn. Ọjọọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pè wá. Wọ́n á máa sọ bí epo rọ̀bì ṣe wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bí omi ṣe wà lábẹ́ tiwa. Epo ló kọ́ ilé wọn, epo ló ń sanwó iléèwé, epo ló sọ omi òkun di mímu. Iléeṣẹ́ epo ni ọ̀gá wọn ń lọ, ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ará Íńdíà ló ń wa ọkọ̀ wọn. Ìyá mi ló ń gbé ọmọ wọn pọ̀n. Owó ibẹ̀ ni mo fi ń kàwé, n kò jiyàn.

Àwa pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wa rèé, a tò sílé epo láti ra bẹntiróòlù ẹ̀rọ tí a ó fi lọ ẹ̀gẹ́. Mo bi Ìyá Àgbà pé ṣebí Nàìjíríà náà ní epo. Wọ́n ní, "Ẹni tó lórí ò ní fìlà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń ròyìn ìdánwò mi fún ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ kan bú sẹ́kún lẹ́yìn wọn, tó ń pè wọ́n ní Mama. Wọ́n ní kí n dúró ná. Mo wá gbọ́ ohùn tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu wọn, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ sí ọmọ Lárúbáwá náà: "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Pẹ̀lẹ́, olówó orí mi." Mo di fóònù mú títí káàdì fi tán. Mo jowú rẹ̀ débi pé n kò lè jẹun. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún.

Nígbà tó yá, owó epo já lulẹ̀ lágbàáyé. Ọ̀gá wọn ní kí àwọn dín èrò ilé kù. Ọmọ náà kúkú ti ń lọ síléèwé, ìyá mi ni wọ́n sì ní kó máa lọ. Iléyá ti kọjá tipẹ́. Mo ti ilé kéwú dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá obìnrin kan tó wọ àbáyà dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní wọ́n kú ọ̀sán, Ìyá Àgbà ti lọ sóko l'Ífẹ̀-Ọ̀dàn. Mo gbé àga àti omi fún wọn bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. Wọ́n mu omi náà tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Sẹ̀kínátù, èmi ni."

Mo tún kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Mo ti bímọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n tẹ́ ọmọ mi sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n na apá rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ wọn dá ṣáká bí ọwọ́ ẹni tó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ ọmọ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọn kò gbójú sókè tí wọ́n fi bi mí bóyá mo rántí bí àwọn ṣe máa ń wẹ̀ mí.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà kan kò ní fi bò. Á ní ọwọ́ Ìyá Àgbà nìkan lòun mọ̀.

"Mo rántí, mà," ni mo wí. Inú wọn dùn, wọ́n sì bu omi lé ọmọ mi lórí.