Ìka Mùfútáù Ló Wà Lórí Nọ́ńbà Mi

Lónìí ni mo mọ̀ pé nọ́ńbà tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin kì í ṣe tèmi.

Nẹ́tíwọ́kì mi kì í dé Lakowe tí mò ń kọ́lé sí. Mo lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́kì mìíràn ní Addo, kí n lè bọ́ sọ́dọ̀ wọn láì pààrọ̀ nọ́ńbà. Ọmọbìnrin ibẹ̀ wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Mùfútáù?"

Mùfútáù! Ọkùnrin tó ta síìmù náà fún mi lábẹ́ agboòrùn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka rẹ̀ kò gba ìka mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa lọ jàre, màá fi NIN àti ìka tèmi ṣe é."

Mo tiẹ̀ dúpẹ́!

Ọmọbìnrin náà ní, "Àfi kẹ́ ẹ mú wọn wá o. Àwọn ló ni nọ́ńbà."

Ibi tí agboòrùn rẹ̀ wà ti di ilé epo. Nọ́ńbà yìí sì ni báǹkì mi mọ̀. Bí Mùfútáù bá sọ lọ́la pé síìmù òun sọnù, òun ni wọ́n máa fún ní tuntun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìka ta ló wà lórí tiyín?