Ọwọ́ Ìyá Wáyà àti Ẹ̀rọ Tí Ń Gé Ọṣẹ

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Ìyá Wáyà ti ń fi wáyà tín-ín-rín gé ọṣẹ nílé iṣẹ́ náà. Kó tó fa wáyà, á kọ́kọ́ dá èémí dúró bí ẹni tó fẹ́ kó sódò. Àwọn tó ń di ọṣẹ sí páálí kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀: "Ìyá Wáyà, ẹ mí o! Ọṣẹ ò ní sá lọ!"

Ọjọ́ tí ọ̀gá ra ẹ̀rọ ni ẹ̀rín tán. Ó wọn ọṣẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ẹ̀rọ gé, ó wọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ìyá gé. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ igba gíráàmù géérégé.

"Ọgbọọgba ni yín, mà, ẹ̀rọ sì yá jù yín lọ. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ lọ máa di páálí."

Ìyá délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, tẹ̀lé e padà sọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́jọ́ kejì.

"Sà, ìpíndọ́gba nìkan lẹ wò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fọ́n ká. Nínú ti ẹ̀rọ, ọ̀kan sanra, ìkejì rù kan eegun."

Ọmọbìnrin náà yọ igba kúrò nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ọ̀gá kọ sílẹ̀, ó fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó rò wọ́n pọ̀, ó fi mẹ́rìnlélógún pín in bí òfin ìṣirò ṣe wí. Ìfọ́nká ti ẹ̀rọ: mẹ́rìndínlógójì. Ti ìyá: mẹ́sàn-án.

"Ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá," ni ọ̀gá wí.

"Ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò gan-an nìyẹn, sà. Ká gbà pé ìfọ́nká wọn dọ́gba. Ẹ fi kékeré pín ńlá: mẹ́rin. Ìwé ìṣirò tó wà lọ́wọ́ mi yìí ní bí wọ́n bá dọ́gba lóòótọ́, kò tó ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí àkọsẹ̀bá á gbé e dé méjì àbọ̀. Mẹ́rin mà lèyí! Kì í ṣe àkọsẹ̀bá, ọwọ́ ìyá ló dúró ṣinṣin ju ẹ̀rọ lọ."

Ìyá Wáyà wo ọwọ́ ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un. Ọjọ́ òjò, ọjọ́ ìbànújẹ́, ọjọ́ tí ọmọ ò jẹ́ kó sùn: gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ yìí là kọjá tí kò yẹ̀.

"Háà! Èmi rèé?"

Ọ̀gá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, mà. Màá ní kí ẹni tó ta ẹ̀rọ wá gbé e."

"Ẹ má dà á láàmú, sà," ni ìyá wí. "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó kọ́ṣẹ́. Bó bá gbọ́ràn, ọdún mẹ́ta ni, màá dá a sílẹ̀."