Ó Ṣojú Mi Kòró

Ọjọ́ tí èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ fi bàtà àti eyín kọ ìtàn ọjà wa ní Kármọ̀ ni n kò lè gbàgbé.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá bi wá nípa ọjọ́ tí wọ́n wó ìsọ̀ wa, tí àwọn tó wá wó o lu Kọ́lá, àbúrò mi, pa. Ọmọbìnrin náà ní ẹni tó bá ṣojú rẹ̀ nìkan ni kó sọ̀rọ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ oníbàtà fò síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bu ìrẹsì fún. "Ó ṣojú mi kòró! Kọ́lá ló kọ́kọ́ sọ òkúta."

"Òpùrọ́! Ṣebí òkú ìyá ọkọ rẹ lo lọ sin ní Adó lọ́jọ́ yẹn!"

Ló bá fi bàtà gbá mi lẹ́nu, eyín kan bọ́. Mo fi àwọn tó kù gé e jẹ léjìká. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

"Kai!" ni akẹ́kọ̀ọ́ náà kígbe. "Mọ́mì, ẹ̀yin ńkọ́? Ó ṣojú yín?"

Mo nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi nù, mo ní rárá. Ilé ni mo wà.

"Ṣé Kọ́lá fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín lọ́jọ́ náà?"

Mo yọ fóònù mi àtijọ́, mo fi ohun tí Kọ́lá tẹ̀ ránṣẹ́ hàn án: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá o. Wọ́n ń nà wá. Mo ṣì ń kó ọjà yín."

Ọmọ náà fagi lé ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀, ó sì da ti Kọ́lá kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọjọ́ náà ni àbúrò mi fẹnu ara rẹ̀ rojọ́.